Bí a ṣe ń so róòlù tuntun mọ́ èyí tó ń tán lọ láìdá iṣẹ́ dúró

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìlédìí ọmọdé, tíṣù tàbí lébẹ̀lì ìgò omi kò lè máa pa ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà tí róòlù pépà bá tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ tó ń so róòlù fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á wá fọkàn balẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀rọ á ṣe é. Ọ̀pọ̀ ìsopọ̀ tí mo rí tó já, ọwọ́ ẹni tó lẹ téèpù ló ti bàjẹ́ kí ẹ̀rọ tó fọwọ́ kàn án rárá.

Irú ẹ̀rọ tí mò ń sọ níbí máa ń dá róòlù nìkan dúró, tí iwájú á ṣì máa sáré lọ. Accumulator, ìyẹn apá ẹ̀rọ tó ń kó pépà díẹ̀ pamọ́, ló ń jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe. Pépà máa ń gba orí àwọn rólà ibẹ̀ lọ sókè sódò. Tí àkókò ìsopọ̀ bá tó, àwọn rólà náà á sún mọ́ra, wọ́n á máa tú èyí tí wọ́n kó pamọ́ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń lo mítà 200 ní ìṣẹ́jú kan, tí róòlù sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 6, mítà 20 ló máa jẹ. Ẹ ṣírò tiyín kí ẹ tó mú eré pọ̀ sí i. (Àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ ìwé ìròyìn kì í dúró rárá ní tiwọn: wọ́n á kọ́kọ́ yí róòlù tuntun títí eré rẹ̀ á fi dọ́gba pẹ̀lú ti èyí tó ń lọ, wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí eré.)

Gbígbé róòlù sórí ọ̀pá kò le. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọ̀pá náà kó di páálí inú róòlù mú, kí ẹ sì wo ọ̀nà tó ń gbà tú. Ẹ má bó ọ̀rá ara rẹ̀ títí ẹ ó fi fẹ́ lò ó, pàápàá lásìkò òjò, torí pépà a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Tí ìpele òde bá ti ya tàbí tó hunjọ, ẹ gé e kúrò. Ẹ má ṣahun níbí.

Ó ku téèpù. Ẹ fa orí pépà tuntun wá sórí irin ìsopọ̀, ẹ fi rúlà irin lé e, kí ẹ fi bíléèdì tuntun gé e gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má lo sísọ́ọ̀sì. Ojú tí sísọ́ọ̀sì gé kì í tọ́. Bí ojú náà bá sì dagun, ẹ̀gbẹ́ kan á le, ẹ̀gbẹ́ kejì á dẹ̀, pépà á hunjọ, ẹ̀yìn ìyẹn ni yíya. Tí àwòrán bá wà lára rẹ̀, ojú kan náà nínú àwòrán ni kí ẹ ti gé ti tuntun àti ti àtijọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìtẹ̀wé á yẹ̀.

Téèpù alójú-méjì tí wọ́n ṣe fún ìsopọ̀ ni kí ẹ lò. Kí ìdajì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ pépà tuntun, kí ìdajì yòókù yọ síta de ti àtijọ́. Mo máa ń jẹ́ kó ku bíi mìlímítà 2 sí etí kọ̀ọ̀kan. Tó bá yọ kọjá etí, á lẹ̀ mọ́ rólà. Tó bá sì kúrú jù, etí pépà á gbé sókè, ibẹ̀ ló ti máa kọ́. Ẹ fi káàdì báńkì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí títí afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ á fi jáde. Àwọn kan ń ra rólà kékeré fún èyí, káàdì tó. Ẹ má fi ìka kan ojú gọ́ọ̀mù, torí òróró ọwọ́ ń bà á jẹ́.

Téèpù páálí aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń tà lójà kò wúlò fún èyí, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ó ń fà, gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ń yọ́ jáde tó bá kan ooru, á bo gbogbo rólà. Ẹ lè fi di òde róòlù tó wà ní sítọ̀ọ̀. Pépà ẹ̀yìn lébẹ̀lì tí wọ́n fi silicone pa nílò téèpù tirẹ̀. Èyí tó kù kì í mú un.

Awọ ẹ̀yìn téèpù, èyí tó bo gọ́ọ̀mù, ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn lára. Mo ti rí àwọn tó bó o kí wọ́n tó lọ jẹun: eruku tíṣù ti bo gọ́ọ̀mù kí wọ́n tó dé. Mo sì ti rí àwọn tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, ó gé ti àtijọ́, ti tuntun kò bá a lọ, wọ́n sì tún pépà fà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí róòlù àtijọ́ bá ku díẹ̀ kó tán ni kí ẹ bó o, kí ẹ fi awọ náà sápò. Tí awọ ò bá sí lápò yín, ẹ padà lọ wò ó.

Ẹ má ní kí ẹ̀rọ lo róòlù àtijọ́ dé páálí inú rẹ̀. Bí páálí náà bá fẹ̀ tó mìlímítà 100 lóde láti etí kan dé èkejì, tí róòlù ku 120, pépà tó nípọn mìlímítà 0.07 á ṣẹ́ ku bíi mítà 49. Lórí eré mítà 200 yẹn, kò ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ. Ibẹ̀ ni mo ń dá a sí. Ẹ nu ojú sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn róòlù ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣíìfù.

Bí ìsopọ̀ bá ń lọ, kí ọwọ́ jìnnà sí ibi ọ̀bẹ àti àárín rólà. Ẹ máa wo accumulator kó kún padà. Téèpù pupa ni mo ń lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìsopọ̀ kó lè hàn. Ọjà tí ojú náà bá wà lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé inú páálí tí a fi ń di ọjà. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ yọ ọ̀kan ṣáájú rẹ̀ àti ọ̀kan tó tẹ̀ lé e, kódà bí ẹ̀rọ bá ti ta á dànù fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ka iye téèpù pupa tó jáde mọ́ iye róòlù tí ẹ so.