Ìbọn Olókùúta fún Ẹni Tó Di Ọdẹ Lẹ́yìn Ìfẹ̀yìntì

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n fọwọ́ ara mi kì ìbọn, ọta ni mo dà sí i kí n tó rántí ẹ̀tù. Ọ̀gá mi wo ẹnu ìbọn, ó wo ojú mi, ó ní, "Bàbá, kí ló máa ti ọta yìí jáde? Àdúrà?" Ọmọ ọdún 61 ni mí lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá mi ò tíì pé 45.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, tí ọkàn yín wá ń fà sí ìbọn tí àwọn bàbá yín gbé kọ́ èjìká, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Òṣogbo tí mò ń gbé, ọdẹ ló ṣí i: ìtàn wa ní Tìmẹ́yìn ọdẹ ló kọ́kọ́ kan odò Ọ̀ṣun, kí òun àti Láróòyè, ọba wa àkọ́kọ́, tó kó àwọn èèyàn wọn wá láti Ìpólé. Ṣùgbọ́n pé ọdẹ ló tẹ ìlú ẹni dó kò ní kí ẹ̀tù má jó ni lójú. Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe yẹ kó tò.

1. Ojú yín, lẹ́yìn náà ìwé àṣẹ

Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti ọdún 1959 to àwọn ìbọn tí à ń kì láti ẹnu, ṣakabùlà àti olókùúta (èyí tí òkúta ń lu irin kí iná tó ta), sí ìsọ̀rí tiwọn. Àwọn kan rò pé ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni lè gbé e. Rárá o. Ìwé àṣẹ wà fún un, òfin náà sì sọ ẹni tí wọn ò gbọ́dọ̀ fún: ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ọ̀mùtí, ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, àti ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló kan àwa àgbà. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Èmi gba dígí tuntun kí n tó béèrè ohunkóhun, àǹfààní rẹ̀ sì di méjì, torí iná tó ń ta láti etí ìbọn olókùúta (ojú ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a ń bu ẹ̀tù díẹ̀ sí) kò jìnnà sí ojú ẹni rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí ètò ìwé àṣẹ tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá àti olórí ọdẹ àdúgbò yín, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìbọn.

2. Ẹ wá ọ̀gá, ẹ gbà pé ọmọ iṣẹ́ ni yín

Níbí ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń kùnà. Èmi tí mo fi ọdún 30 pàṣẹ fún àwọn ọmọ ní kíláàsì, ẹni tó yẹ kí n kọ́ níwèé ló ń sọ fún mi pé ẹsẹ̀ mi ń pariwo bíi ti màlúù. Òun ń pè mí ní Bàbá, èmi ń pè é ní Ọ̀gá, a jọ ń fi "ẹ" bá ara wa sọ̀rọ̀, iṣẹ́ sì ń lọ.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àpò ni mo gbé, n kò gbé ìbọn. Mo ń kọ́ ilẹ̀ kíkà. Ọ̀yà máa ń gé eèsún ní ìdàgẹ̀rẹ̀, bí ẹni fi ọ̀bẹ mímú gé e. Bí ojú ibi tó gé bá ṣì tutù, kò jìnnà síbẹ̀. Mo kọ́ bí a ṣe ń bu iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ díẹ̀, kí á jẹ́ kó dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, torí ẹtu ti gbóòórùn yín kí ẹ tó rí i. (Olùkọ́ Yorùbá ni mí, ẹ foríjì mí: ẹ̀tù ni à ń kì, ẹtu ni ẹranko, ẹtù ni ẹyẹ. Ẹni tí kò bá fi àmì sí ọ̀rọ̀ náà lè sọ pé òun kì ẹyẹ sínú ìbọn.)

3. Ìbọn fúnra rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọdẹ ti fi olókùúta sílẹ̀, oníkáàpù, tí káàpù kékeré ń fún ní iná dípò òkúta, ni wọ́n ń lò. Èmi mú olókùúta nítorí pé ó wà nílé: ti bàbá bàbá mi ni, orí àjà ló ti wà láti ọjọ́ tó pẹ́. Bí tiyín náà bá jẹ́ ìbọn ogún, ẹ má tíì fa tírígà rẹ̀ rí o. Ọ̀pọ̀ ìbọn àjà ni ẹni tó ni ín kì, tó sì kú láì yìn ín. Ẹ ki ọ̀pá ìkìbọn sínú rẹ̀ títí yóò fi dúró, ẹ fi ẹfun sàmì sára ọ̀pá náà ní ẹnu ìbọn. Ẹ yọ ọ̀pá jáde, ẹ wá fi lélẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn láti ìta, kí àmì ẹfun náà wà ní ẹnu ìbọn. Bí orí ọ̀pá bá dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé, òfìfo ni. Bí kò bá dé ibẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ti èmi kù ní bí ìka mẹ́ta. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Omi ló kọ́kọ́ dà sí i kó tó fi irin onísìkúrúù họ ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Àkísà dúdú, ọta ìpẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, àti ẹ̀tù tó ti dì bí ẹ̀kọ́.

Bó bá jẹ́ pé rírà ni, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀pá tí wọ́n fi irin ọkọ̀ àtijọ́ tàbí páìpù omi ṣe. Páìpù omi kò mọ̀ pé ẹ̀tù ni wọ́n máa dà sí òun. Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tí ẹgbẹ́ ọdẹ mọ̀ ni kí ẹ lọ, kí òun sì kọ́kọ́ so ó mọ́ igi, kó fi okùn gígùn fa tírígà rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, níṣojú yín. Bí kò bá gbà, ẹ má san owó.

4. Ẹ kọ́ ojú yín kó má ṣẹ́

Láàárín ìgbà tí ẹ fa tírígà àti ìgbà tí ìbọn ró, ààyè díẹ̀ wà: òkúta á lu irin, iná á ta, ẹ̀tù etí á jó, kí ti inú tó gbọ́. Nínú ààyè yẹn ni ẹni tuntun ti máa ń dijú, tí ẹnu ìbọn á yẹ̀. Ìbọn òfìfo ni a fi ń kọ́ èyí. Ẹ yọ òkúta, ẹ fi igi pélébé sí ipò rẹ̀ kí òkúta má baà jẹ, ẹ dojú kọ ògiri, ẹ máa fà á, kí ojú yín má kúrò lórí àmì. Mo ṣe é ní alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyàwó mi ní mo ti ń bá ògiri jà.

5. Kíkì

Ìdí ìbọn nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ojú yín àti ti ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe da ẹ̀tù láti inú àdó tí ẹ kó o sí tààrà sẹ́nu ìbọn láé; bí iná kékeré bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ láti ìgbà tó kọjá, gbogbo àdó ló máa bú lọ́wọ́ yín. Inú ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ dà á sí (tèmi jẹ́ ọparun kékeré tí ọ̀gá mi gé fún mi, n kì í sì í fi nǹkan kan lé e). Ẹ̀tù, àkísà gbígbẹ, ọta, àkísà. Ẹ tì í wọlé títí tí kò fi sí àlàfo láàárín ẹ̀tù àti ohun tó wà lórí rẹ̀, torí àlàfo ló ń mú ìbọn bẹ́. Ẹ wá sàmì kejì sára ọ̀pá ìkìbọn fún "ó ti kún". Àgbà a máa gbàgbé. Ọ̀pá kì í gbàgbé.

Ẹ̀tù etí ló kẹ́yìn, ó di inú igbó kí ẹ tó fi sí i. Ìwọ̀nba tí ìka méjì lè bù ni, kó má bo ihò. Bí ó bá bo ihò, yóò máa jó wọlé bí òwú àtùpà, ìbọn á sì pẹ́ kó tó ró. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sí ọ̀tún yín, torí ibẹ̀ ni iná ihò ń ta sí.

Bí ti etí bá jó tí ti inú kò dáhùn, ẹ má gbé ìbọn kalẹ̀, ẹ má sì bojú wo ẹnu rẹ̀. Ẹ dúró, ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò léwu, kí ẹ kà dé ọgọ́ta. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tún etí rẹ̀ ṣe.

6. Ìjáde

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni àsìkò wa, òjò àti òkúta ìbọn kò rẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán. Ọdẹ alẹ́ tí ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ojú ẹran, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ti mọ̀ ọ́n; ojú ewúrẹ́ ń dán, èèyàn náà sì wà nínú igbó. Èmi kì í yìnbọn sí ohun tí n kò rí orí, ìhà àti ẹsẹ̀ rẹ̀. N kì í sì í gun pẹpẹ orí igi, orúnkún mi kò gbà. Ìdí igi ni mo ń jókòó sí, ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ 25 sí ojú ọ̀nà ọ̀yà, kọjá bẹ́ẹ̀ ìbọn yìí kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Ẹ gba àyè lọ́wọ́ olóko. Igbó Ọ̀ṣun kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí: UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ ohun ìní àgbáyé láti ọdún 2005, ọdẹ àti ẹja pípa sì jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀. Akika náà, bó bá tilẹ̀ kọjá lórí ẹsẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó lọ, òfin ń dáàbò bò ó.

7. Lẹ́yìn tó bá ró

Èéfín á bo gbogbo ojú yín. Ẹ má sáré wọ inú rẹ̀. Àkísà tó jáde pẹ̀lú ọta lè ṣì máa jó nínú koríko gbígbẹ, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ tó wá ẹran. Bí ẹran bá ṣì wà láàyè, ẹ tètè dú u. Ní Òṣogbo níbí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí oníbàárà á bi yín nìyẹn.

8. Fífọ̀

Lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́la. Ìdọ̀tí ẹ̀tù ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ irin lóru ọjọ́ kan. Omi gbígbóná, àkísà lórí ọ̀pá, títí omi á fi mọ́. Ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi àdín díẹ̀ pa á. Ìyàwó mi ti ya kẹ́tù kan sọ́tọ̀ fún un, ó fi ọ̀dà pupa kọ ÌBỌN sí i lára, láti ọjọ́ tí àlejò kan ní tíì wa ń rùn bí ọdún tuntun.