Ìwé Méjìlá Lọ́dún Kan: Ojú-Ewé 65 sí 80 Ló Fẹ́ Sọ Mí Di Wèrè

Náírà 36,000 ni mo yà sọ́tọ̀. Náírà 81,500 ló lọ. Mi ò tíì ka owó káàdì tí mo fi ń pe oníwèé mọ́ ọn o, oníwèé tó jẹ́ pé tó bá ti rí nọ́ńbà mi, kò ní gbé e. Àbúrò mi ní ṣé ìwé ni mo rà ni àbí ilẹ̀. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ìwé Yorùbá méjìlá ni mo fi pe ara mi níjà lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan lóṣù kan, mo sì kà wọ́n tán láìku ojú-ewé kan. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí ìwé oṣù kẹrin, orí mi á tún gbóná.

Ọmọ àbúrò mi yìí náà ló dá a sílẹ̀. Ó gbé iṣẹ́ àṣetiléwá Yorùbá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, níbi tí mo ti ń ta àdìrẹ. Àyọkà kékeré ni, kò ju ìlà mẹ́wàá lọ. Èmi tí mò ń fi Yorùbá ná ọjà láti àárọ̀ dalẹ́, ṣe ni mò ń kọsẹ̀ lórí àmì ohùn bí ẹni ń rìn lórí òkúta láìwọ bàtà. Ọmọ náà wojú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu, màá bi tíṣà wa.” Ìtìjú yẹn ò kúrò lára mi títí di alẹ́ àìsùn ọdún tuntun. Bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni mo fa ìwé ìṣirò ọjà mi yọ, mo kọ nọ́ńbà kan sí méjìlá sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Títo orúkọ àwọn òǹkọ̀wé ò le. Ẹni tó bá ṣe Yorùbá níléèwé láyé tiwa ti mọ̀ wọ́n: Fágúnwà, Ọdúnjọ, Fálétí, Òkédìjí, Ìṣọ̀lá, Akínlàdé. Òfin méjì ni mo ṣe fún ara mi. Mi ò ní ka òǹkọ̀wé kan lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwé tí mo kórìíra ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo tún fẹ́ tẹ̀ lé ọdún tí wọ́n jáde, kí n lè fojú ara mi rí bí èdè ṣe ń yí. Ibẹ̀ ni owó ti kọ́kọ́ halẹ̀ mọ́ mi. Ìtàn Sẹ̀gilọlá, tí I. B. Thomas kọ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín 1929 sí 1930, ló yẹ kó ṣíwájú. Ẹ̀dà tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òkè òkun ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, owó òkè òkun náà ni wọ́n sì fi dá iye lé e. Mo ṣírò rẹ̀ sí náírà, mo pa fóònù dé. Ìwé tí wọ́n kọ l'Ékòó, fún ará Èkó, Abẹ́òkúta níbí ni ọwọ́ mi ò ti tó o! Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, tó jáde ní 1938, ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mo rà á, mo kà á, ó parí. Fágúnwà, lẹ́yìn náà Kúyẹ̀, lẹ́yìn náà Olówólaiyémọ̀, tí méjèèjì jáde ní 1964. Àṣìṣe kan ni mo ṣe níbẹ̀. Mo ti fọ́nnu pé ojú-ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́ kò tó nǹkan. Lọ́jọ́ kẹta mo wo aago: ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ojú-ewé Fágúnwà kan ń gbà lọ́wọ́ mi, torí gbólóhùn bàbá yẹn a máa gùn bí òpópónà, tó o bá dé ìparí wàá ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, eré onítàn ni mi ò bá fi ṣíde. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló pọ̀ nínú ìyẹn, ojú á tètè mọ́ àmì lára. Nígbà tí oṣù kẹta fi máa parí, ó ti di ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Mo ń fi ara mi yangàn kiri ọjà.

Oṣù kẹrin wá dé.

Àjà Ló Lẹrù ló kàn, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tó jáde ní 1969. Mo ti ń fojú sọ́nà fún un ju gbogbo yòókù lọ. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, a máa sọ̀rọ̀ Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ inú ìwé náà, bí ẹni pé ojúlé kejì sí tiwa ló ń gbé. Mo pe oníwèé kan tí wọ́n júwe fún mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù ní, “Àǹtí, ṣé ìwé nípa ajá ni?” Mo ní rárá o, àjà, àjà òkè ilé. Ó ní àwọn ní i. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kí n lè mọ iye tí màá san: AJA LO LERU, láìsí àmì kan ṣoṣo. Ó yẹ kí n ti fura látibẹ̀.

Mo san 3,500. Ìwé dé, èèpo rẹ̀ ń dán, òórùn gọ́ọ̀mù ṣì ń bẹ lára rẹ̀. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan tí ọjà kú, ó dùn débi pé oníbàárà kan kí mi títí, n kò gbọ́. Mo ka ojú-ewé 64 tán, mo ṣí i, ojú-ewé 49 ni mo bá pàdé. Mo rò pé atẹ́gùn ló ṣí i sẹ́yìn. Mo tún un ṣí. 49, 50, 51, ó lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 64 lẹ́ẹ̀kejì, ó wá fò fẹ̀rẹ̀ sí 81. Ojú-ewé 65 sí 80, ẹ wá wọn tì.

Ká ní ìwé ewì ni, kí àwọn akéwì má bínú, ènìyàn lè fo ojú-ewé mẹ́rìndínlógún kó sì bá ìyókù lọ. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni! Gbogbo ohun tí wọ́n ń wá látòkèdélẹ̀, ibi tí wọ́n ti rí ojútùú rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Àǹtí, bóyá bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.”

N kò mọ ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìyá aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní mo pariwo. Nígbẹ̀yìn ó ní òun ní ẹ̀dà mìíràn, pé owó tuntun ni màá san, torí èyí tó wà lọ́wọ́ mi mo ti lò ó. Mo san 3,500 mìíràn. Òmùgọ̀ ni mo ṣe, mo gbà. Ìwé kejì dé, mi ò tilẹ̀ ka ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, 64 ni mo ṣí tààrà. 49 ló tẹ̀ lé e.

Ìbátan mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ló là mí lójú. Bébà ńlá kan ni wọ́n máa ń tẹ̀, tí wọ́n bá ká a, á di ojú-ewé 16. Wọ́n á wá to àwọn ìká wọ̀nyẹn léra kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ èèpo. Ẹni tó ń tò ó ló mú ìká kẹrin lẹ́ẹ̀mejì, kò mú ìkarùn-ún rárá. Bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo òkìtì ọjọ́ yẹn á ṣe rí. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò họ èèpo rẹ̀, ó ní, “Ayédèrú ni.” Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Mo wọkọ̀ lọ sí Èkó, mo rìn Yábàá àti Òjúẹlẹ́gbà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù. Oòrùn gún mi. Ẹnì kan ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tà á lánàá ni, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọlọ́jà máa ń sọ, èmi náà máa ń sọ ọ́ nípa kàǹpálà. Ẹlòmíràn ní i lóòótọ́. Mo gbà á, mo ṣí 64 lójú rẹ̀, mo dá a padà fún un. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Náírà 9,500 ni ọjọ́ yẹn jẹ pẹ̀lú oúnjẹ, mo sì délé lọ́wọ́ òfo. Ní láíbìrì kan tí mo tún lọ, káàdì ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀, ìwé fúnra rẹ̀ ò sí lórí pẹpẹ. Mo bi ọkùnrin tó wà níbẹ̀ pé ọdún wo ni wọ́n yá a. Ó wo inú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó kàn pa á dé wẹ́rẹ́.

Gbogbo ènìyàn ní kí n fò ó. Mo kọ̀. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé méjìlá, tó bá ka mọ́kànlá àti ààbọ̀, kí ló fẹ́ sọ fún ọmọ kékeré yẹn? Ṣùgbọ́n mo yára bẹ̀rẹ̀ ìwé oṣù karùn-ún ná, torí ọjọ́ ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, kó ní ìwé kan nípamọ́ tí kò sí nínú ètò. Kó sì jẹ́ kí oníwèé ya fídíò ojú-ewé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kó tó sanwó. Ojú-ewé ni mo wí, kì í ṣe èèpo.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ kẹjọ kí n tó rántí Màmá tó kọ́ wa ní Yorùbá ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì sí Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Mo pè wọ́n. “Mo ní i,” ni wọ́n wí, “ṣùgbọ́n ìwé mi kì í jáde nílé mọ́. Ẹni tó yá èyí tó kẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ ti ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ báyìí.” Mo ní ṣé ẹ lè bá mi ya fọ́tò rẹ̀, mà? Wọ́n ní ṣé mò ń fi àwọn ṣeré ni.

Ni mo bá ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Sátidé, mo ra búrẹ́dì àti ọsàn, torí a kì í lọ́wọ́ òfo lọ kí àgbà. Ìwé Màmá ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, nọ́ńbà ojú-ewé rẹ̀ ò sì bá tèmi mu. Mo ka gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ojú-ewé 64 sí wọn létí. Wọn ò wọ awò. Wọ́n ṣí ìwé lẹ́ẹ̀mejì péré, wọ́n fi ìka sí i. Mo nawọ́ kí n gbà á, kí n yára kà á nínú, kí n bá ọkọ̀ ọ̀sán padà.

“Kà á sókè.”

Ojú-ewé mẹ́rin ni mo kà lọ́jọ́ náà. Bí mo bá ti gbé ohùn sí ibi tí kò tọ́, wọ́n á fi oríkèé ìka kan tábìlì, màá padà sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì, tí mò ń lagùn bí ọmọ JSS 1. Wọ́n fi àmàlà bọ́ mi, wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Sátidé mẹ́ta gbáko! Náírà 27,000, ọkọ̀ àti búrẹ́dì. Inú ń bí mi lójú ọ̀nà, mò ń ṣírò iye àdìrẹ tí mi ò tà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, mo ka ojú-ewé mẹ́rin tó gbẹ̀yìn léra wọn, tábìlì ò dún. Màmá ní, “Ó dáa.” Ẹni tó bá ṣe kíláàsì wọn mọ ohun tí “ó dáa” yẹn wọ̀n.

Ìyókù ọdún ò mú wàhálà wá. Ọmọ Olókùn Ẹṣin, èyí tí mo kórìíra nítorí ìdánwò, wá dùn mọ́ mi nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ní bi mí léèrè kankan lórí rẹ̀. Ìwé Ó Le Kú ti Ìṣọ̀lá, ọjọ́ márùn-ún péré ni mo fi kà á. Nígbà tó di oṣù kejìlá, owó ti tán, mo wo ilé yíká, mo gbé Bíbélì ìyá mi. Ìwé Òwe ní orí 31, oṣù náà ní ọjọ́ 31, ọ̀fẹ́ sì ni. “Enia”, “nwọn”, “aiye”: àkọtọ́ àtijọ́, kó tó di pé wọ́n yí i padà ní 1974. Ọmọ àbúrò mi yọjú sí i láti ẹ̀yìn mi, ó ní wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ kọ. Èmi ló ṣàlàyé fún un. Ó tó iṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi ṣàlàyé, kò sì bi tíṣà kankan.

Àwọn ayédèrú méjèèjì ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ń fi ọ̀kan gbé ilẹ̀kùn ró.

Lọ́jọ́ kejì ọdún ni Màmá pè mí. Wọ́n ní Àgbàlagbà Akàn ńkọ́, ìwé Lápàdé kejì, ṣé mo ti kà á? Mo ní rárá, mà, òfin mi ni pé òǹkọ̀wé kan, ìwé kan. Wọ́n ní ta ló ṣòfin? Pé ó wà lórí pẹpẹ àwọn, tí mo bá mọ̀nà ilé. Mo ti bi wọ́n ní gáréèjì. Wọ́n ti fi owó lé owó ọkọ̀ Ìbàdàn.