Kásẹ́ẹ̀tì Ilé Ìgbẹ́ Inú Ọkọ̀: Bẹ́ẹ Ṣe Máa Dà Á Nù Láì Fi Ara Yí Ìgbẹ́

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tẹ́ẹ ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì, síńkì àti ilé ìgbẹ́ nínú, tẹ́ẹ fi ń sùn lóko tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ó sì tún wà fún ẹ̀yin tẹ́ẹ jókòó sílé yín l'Ógbómọ̀ṣọ́ tàbí l'Ọ́yọ̀ọ́ tí ọmọ tàbí àbúrò yín máa fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá ṣọdún, tó máa kí yín tán tó máa wá rọra béèrè pé "Mọ́mì, níbo la máa da èyí tó wà nínú ọkọ̀ sí?" Ẹni tó bá ti mọ èsì ìbéèrè yẹn kó tó kúrò nílé, ìdajì wàhálà ti kúrò lọ́rùn ẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì yìí, ìyẹn tánkì kékeré tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ inú ọkọ̀ ń já sí, póò ayé àtijọ́ ni. Ẹ̀yin àgbà á rántí àwọn agbépóò tó máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lóru, wọ́n á yọ èyí tó kún, wọ́n á ti òfìfo sí i, wọ́n á bá tiwọn lọ. Bó ṣe rí náà nìyẹn, àfi pé eléyìí ní ìdérí, àwọn kan ní táyà kéékèèké, wọ́n sì máa ń gba nǹkan bíi líta 17 sí 20, agbépóò ẹ̀ sì ni ẹ̀yin fúnra yín. Abẹ́ ìjókòó ló wà, ilẹ̀kùn kékeré kan lára ọkọ̀ níta lẹ máa ṣí kẹ́ẹ tó fà á yọ. Láàárín ìjókòó àti tánkì, pẹlẹbẹ ike kan wà tó ń fà síwá fà sẹ́yìn, bíléèdì làwọn tó ń tún un ṣe ń pè é, rọ́bà yí i ká kí òórùn má bàa jáde. Ó tún ní ọrùn tẹ́ẹ máa fi dà á àti bọ́tìnnì afẹ́fẹ́ kan lẹ́yìn. Ẹ fojú sí bọ́tìnnì yẹn dáadáa, òun ló máa ń kó bá àwọn èèyàn jù.

Àgbà méjì lè lò ó fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Tí ọmọdé bá wà níbẹ̀ tàbí tí ẹnì kan bá ń ṣu àṣunù, ẹ má retí tó bẹ́ẹ̀. Iná pupa wà lára ọ̀pọ̀ wọn tó ń sọ pé ó ti kún, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè é, torí iná yẹn lè bàjẹ́, àti pé tó bá ti kún ó máa wúwo tó kílò 20, ta ló fẹ́ gbé ìyẹn gorí àtẹ̀gùn? Ẹ dà á nígbà tó bá ti ju ìlàjì lọ díẹ̀.

NÍBO LẸ MÁA DÀ Á SÍ

Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ibi tí wọ́n ti ń páàkì irú ọkọ̀ yìí sùn máa ń ní ojú ibì kan tí wọ́n ṣe fún dída kásẹ́ẹ̀tì, omi wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ pé. Láti Ìbàdàn títí dé Ìlọrin, ẹ má fi irú ẹ̀ sọ́kàn o. Ibi tẹ́ẹ ní ni ṣalánga tàbí ilé ìgbẹ́ oníṣókàwéè ti ara yín, tàbí ti ẹni tó gbà yín lálejò.

Tó bá jẹ́ tẹlòmíì, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè, kẹ́ẹ sì tọrọ ẹ̀ lásìkò tó dáa, kì í ṣe ìgbà tí ìyá onílé ń ro ọkà lọ́wọ́. Ilé tí áyálégbé pọ̀ sí, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́, torí wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n máa fi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọdún. Ilé epo náà lè gbà, ẹ bá máníjà sọ̀rọ̀, tó bá kọ̀, ẹ má bá a jà. Tó bá sì jẹ́ ilé ìgbẹ́ aláwo funfun lẹ máa dà á sí, ẹ má da líta 20 sí i lẹ́ẹ̀kan náà o, ó máa kún bọ̀ wá sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni, kẹ́ẹ máa fi omi lé e.

Gọ́tà kọ́, etí títì kọ́, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn kọ́, odò sì kọ́ rárá. Lọ́dún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lu àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Executive Order 009 láti fòpin sí yíyàgbẹ́ síta, ẹni tó sì ṣu sínú kásẹ́ẹ̀tì tó wá dà á sínú igbó lọ́nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìta náà ló ṣu sí, ó kàn gbé e rìn díẹ̀ ni. Odò Ọbà tí wọ́n sé ní dáàmù l'Ógbómọ̀ṣọ́ àti dáàmù Erelú l'Ọ́yọ̀ọ́, omi táwọn èèyàn ń lò nìyẹn. Onígbáméjì, jẹ̀funjẹ̀fun àti aràn ń tinú ìgbẹ́ wọ omi. Ìtọ̀ pàápàá, tẹ́ni tó ní àtọ̀sí ajá bá dé inú odò tí ìgbín odò wà, àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ló máa kó o.

Kànga ńkọ́? Lágbègbè wa níbí, kànga ọwọ́ wà ní ọ̀pọ̀ agboolé, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni ò sì jìn. Ibi tẹ́ẹ bá ti máa da nǹkan yìí tàbí tẹ́ẹ máa gbẹ́ ihò sí, kó jìnnà tó mítà 30 sí kànga tàbí odò, kó sì wà nísàlẹ̀ kànga náà, kó má ṣe wà lókè ẹ̀, torí tí òjò bá rọ̀ ibi tó rẹlẹ̀ lomi ń ṣàn lọ.

ÌDÀNÙ GAN-AN

Ẹ wọ gílọ́ọ̀fù, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ (slípáàsì ò sí nínú ẹ̀), ẹ lé àwọn ọmọdé àti ajá sẹ́yìn. Kẹ́ẹ tó yọ kásẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ló dé, ohun tó dé ni pé ẹ lè ti gbé e lọ sẹ́yìn ilé kí ẹnì kan ṣàdédé wọlé lọ jókòó sórí nǹkan tí ò sí tánkì lábẹ́ ẹ̀ mọ́. Ẹ tilẹ̀kùn ẹ̀ pa kẹ́ẹ mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Bíléèdì gbọ́dọ̀ wà ní pípadé kẹ́ẹ tó fà á yọ. Tí kásẹ́ẹ̀tì bá kọ̀ tí ò jáde, bíléèdì ló ṣí sílẹ̀ tàbí tíṣù ló há sí i, ẹ má fi agbára fà á, tó bá ya, owó ńlá ni, ìgbẹ́ á sì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ pọn omi díẹ̀ sí i látòkè, ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ẹ máa fa bíléèdì síwá sẹ́yìn jẹ́jẹ́.

Oòrùn tún wà ńbẹ̀. Ọkọ̀ tó dúró nínú oòrùn oṣù kejì tàbí ìkẹta l'Ógbómọ̀ṣọ́ láti àárọ̀ dọ̀sán, ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ti gbóná, ó ti ń hó, afẹ́fẹ́ ti kún inú ẹ̀, tẹ́ẹ bá wá ṣí bíléèdì gbàà tẹ́ẹ bẹjú wò ó, ojú yín ló máa fọ́n sí. Abẹ́ igi mángòrò ni kẹ́ẹ máa páàkì sí, tẹ́ẹ bá sì fẹ́ ṣí i, díẹ̀díẹ̀ ni, kẹ́ẹ gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bákan náà ni ìdérí ọrùn, kásẹ́ẹ̀tì á dúró gbọnrangandan, ọrùn á kọjú sí ibòmíì, ẹ á máa tú u jẹ́jẹ́.

Tí ìdérí yẹn bá ti kúrò, ẹ gbé e fún ẹlòmíì tàbí kẹ́ẹ gbé e sílẹ̀ jìnnà sẹ́yìn yín. Ìdérí tó já sínú ṣalánga, ó ti lọ nìyẹn, ọlọ́run ló mọ ibi tẹ́ẹ máa ti rí irú ẹ̀ rà lọ́jà Akẹ̀sán tàbí ní Tákìé, láílọ́ọ̀nù àti rọ́bà tẹ́ẹ bá fi dí i ò sì ní kojú kòtò méjì lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì wá kàn. Tẹ́ẹ bá dorí kásẹ́ẹ̀tì kodò láì tẹ bọ́tìnnì afẹ́fẹ́, á máa jáde gbọ̀ọ̀lọ̀ gbọ̀ọ̀lọ̀, ìkọ̀ọ̀kan á sì ta sí ṣòkòtò yín. Tẹ́ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì wà ní ìdúró, ibẹ̀ náà ló máa gbà jò sí yín lọ́wọ́. Ọrùn á kọ́kọ́ kọjú sísàlẹ̀, kó súnmọ́ ojú ihò dáadáa, lẹ́yìn náà ni àtàǹpàkò á tẹ bọ́tìnnì, á wá máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ kẹ́yìn sí atẹ́gùn. Tẹ́ẹ bá ń gbin, ẹ pe ẹnì kejì.

Ẹ bu omi sí i dé ìlàjì, ẹ dé e, ẹ mì í, ẹ tún dà á síbi kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Omi ìṣàn yẹn náà, ìgbẹ́ ni, kì í ṣe omi tí wọ́n ń dà sójú àgbàlá. Ẹ má sì lo ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń pọn omi mímu, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ẹ fi bu omi wá. Lẹ́yìn náà, omi bíi líta méjì á padà sínú ẹ̀ pẹ̀lú oògùn ẹ̀, torí tí ìsàlẹ̀ bá gbẹ, ìgbẹ́ á kàn máa gun orí ara wọn dé bíléèdì ni. Ẹ tì í wọlé títí tó fi máa dún kẹ̀. Kẹ́ẹ wá fọṣẹ fọwọ́.

OÒGÙN INÚ Ẹ̀

Omi búlúù tí wọ́n ń tà fún un, àwọn kan ní fọmalíìnì nínú, ó ń pa òórùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń pa àwọn kòkòrò tín-ín-tín tó ń jẹ ìgbẹ́ inú ṣókàwéè fún yín. Tó bá jẹ́ ṣókàwéè lẹ máa dà á sí, ẹ ra irú èyí tí wọ́n kọ sí i lára pé kò ní fọmalíìnì. Tẹ́ẹ bá fẹ́ bá mi rò ó, fún ọjọ́ kan sí méjì, omi lásán tó o, kẹ́ẹ ṣáà máa tètè dà á.

Ẹ má fi blíìsì bíi Jik tàbí Hypo sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó ń jẹ rọ́bà, tó bá sì pàdé ìtọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń jáde máa ń ta lójú, ó sì ń dí èèyàn láyà, nínú ọkọ̀ tí wíńdò ẹ̀ wà ní títì ìyẹn ò dáa rárá. Ọṣẹ tó ń hó púpọ̀ náà ò dáa, ìhó ẹ̀ á kún inú tánkì. Ẹ má sì da omi búlúù yẹn sínú ike ẹlẹ́rìndòdò, ọmọdé lè gbé e mu.

Páàdì, pámpá àti wáìpù ò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀. Láílọ́ọ̀nù ni tiwọn.

ẸNI TÓ FẸ́ FI ṢE AJÍLẸ̀

Àwọn àgbẹ̀ á béèrè, mo mọ̀. Èyí tí kẹ́míkà ti wọ̀, ẹ gbàgbé ẹ̀. Èyí tí kò ní kẹ́míkà, ẹ má dà á ní tútù sórí ebè ẹ̀fọ́ tàbí tòmátì láé, ẹyin aràn máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀. Ohun tí àjọ ìlera àgbáyé WHO là sílẹ̀ ni pé níbi tó móoru bíi tiwa, kó wà nípamọ́ ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án lóko. Ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn dé orúnkún dáadáa, ẹ da èyí tẹ́ẹ kó sí i, ẹ da eérú àti ewé gbígbẹ lé e, ẹ fi erùpẹ̀ bò ó, kẹ́ẹ ri igi mọ́ ojú ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lọ hú u. Tó bá pé àsìkò, ìdí kaṣú, mángòrò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló yẹ ẹ́.

TÓ BÁ DÀ SÍLẸ̀ ŃKỌ́

Ẹ má tètè bu omi lé e, omi á kàn tẹ́ ẹ káàkiri ni. Eérú, ìyẹ̀fun pákó tàbí erùpẹ̀ gbígbẹ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ dà lé e kó fà á mu, kẹ́ẹ fi ṣọ́bìrì kó o lọ sínú ihò, lẹ́yìn náà lomi ọṣẹ, ìgbẹ̀yìn ni blíìsì tẹ́ẹ pò mọ́ omi. Aṣọ tó ta sí, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ tàwọn ọmọ, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kẹ́ẹ sá a sóòrùn.

Tí ọdún bá tán tí ọkọ̀ fẹ́ dúró títí dìgbà míì, ẹ fọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi epo sílíkónì tàbí òróró ólífì pa rọ́bà bíléèdì (Faselíìnì kọ́, ó ń sọ rọ́bà dẹ̀rọ̀), kẹ́ẹ fi bíléèdì sílẹ̀ ní ṣíṣí kí rọ́bà má lẹ̀ mọ́ ọn.