Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè Ibi Tí Igi Náà Dúró Sí: Bí Mo Ṣe Ń Ka Ìwádìí Tuntun Lórí Àjàrà Wáìnì

Ọgbà àjàrà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Lodi ní ìpínlẹ̀ California. Àwọn ọmọ Yorùbá tó kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀gbìn nílé kí wọ́n tó wá síbí máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ń mọ ohun tí àwọn olùwádìí ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, nígbà tí èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ká tètè parí ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ ó ti rí wọn. Ìwé ìròyìn ìwádìí méjì tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: American Journal of Enology and Viticulture, tó ti ń jáde láti ọdún 1950, àti OENO One tó ń jáde láti Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wọ Google Scholar, ojú òpó Google tí wọ́n fi ń wá ìwé ìwádìí, ẹ tẹ orúkọ àjàrà yín àti ìṣòro tó ń dà yín láàmú, kí ẹ sì ní kí ó máa fi ímeèlì ránṣẹ́ bí ohun tuntun bá jáde. Bí ìwé kan bá ń béèrè owó, ẹ má tíì sanwó. Ímeèlì olùwádìí wà lójú ewé kìíní. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta sí i, ẹ kí i, ẹ sọ iṣẹ́ yín, ẹ ní kó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni inú wọn máa ń dùn pé àgbẹ̀ fẹ́ ka iṣẹ́ wọn.

Kíkà gan-an ni iṣẹ́. Àkópọ̀ tó wà níwájú ni gbogbo ènìyàn ń kà, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ kọjá àkọlé kí wọ́n tó máa gbé e kiri lórí WhatsApp, ìyẹn sì máa ń dùn mí. Bí mo bá ti ka àkópọ̀ tán, mo máa ń fo gbogbo ìyókù lọ sí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́. Ibo ni igi náà wà? Irú àjàrà wo ni? Orí gbòǹgbò wo ni wọ́n lọ́ ọ lé, ìyẹn ni pé gbòǹgbò àjàrà mìíràn wo ni wọ́n so ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ kí wọ́n lè máa dàgbà pọ̀? Ìgbà ìkórè mélòó ni wọ́n fi wò ó? Bí mi ò bá rí ìdáhùn, mi ò ní torí ìwé yẹn fọwọ́ kan ìlà àjàrà kankan nínú ọgbà.

Ọ̀rọ̀ gbòǹgbò yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó. Láàárín ọdún 1860 sí 1870, kòkòrò tín-ín-tín kan tó ń jẹ́ phylloxera ti Amẹ́ríkà dé ilẹ̀ Faransé, ó ń mu omi ara gbòǹgbò, ọgbà lẹ́yìn ọgbà sì ń kú. Ohun tó kó àwọn olóko yọ ni pé wọ́n lọ́ àjàrà wọn lé gbòǹgbò àjàrà ìgbẹ́ Amẹ́ríkà, èyí tó lè fara da kòkòrò náà. AXR1 wà lára àwọn gbòǹgbò tí wọ́n ń lọ́ àjàrà lé, ṣùgbọ́n àjàrà Yúróòpù ni òbí rẹ̀ kan, àìlera sì wà níbẹ̀. Ó ti já àwọn olóko kulẹ̀ lókè òkun. Ní California ńkọ́? Ó rọrùn láti lọ́, ó ń so dáadáa nínú ìdánwò, ni wọ́n bá gbìn ín káàkiri Napa àti Sonoma. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, irú phylloxera kan tó lè jẹ ẹ́ yọjú, wọ́n sì ní láti hú ọ̀pọ̀ ọgbà kí wọ́n tún un gbìn. Òótọ́ ni pé ó ń so. Ṣùgbọ́n èso rere kò lè dáhùn ìbéèrè nípa kòkòrò. Ní Lodi, àwọn àjàrà Zinfandel àtijọ́ ṣì wà lórí gbòǹgbò ara wọn, nítorí iyanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀ wa, phylloxera kì í sì gbilẹ̀ nínú iyanrìn.

Nígbà mìíràn ẹ ó rí ìwé méjì tó ń ta kora. Ẹ wo jíjá ewé tó bo ìdì èso. Èyí tó wá láti Jámánì á ní ó dára: afẹ́fẹ́ á wọlé, èso á tètè gbẹ lẹ́yìn òjò, àrùn Botrytis tó ń mú èso jẹrà á dínkù. Èyí tó wá láti Oakville ní Napa, níbi tí yunifásítì UC Davis ti ní oko ìwádìí, á kìlọ̀ pé oòrùn ọ̀sán ń jó èso, ó sì ń ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Àwọn méjèèjì tọ̀nà níbi tí wọ́n wà. Lọ́dọ̀ wa, níbi tí ìlà bá ti lọ láti àríwá sí gúúsù, ọwọ́ ìlà-oòrùn nìkan ni a ti ń já ewé, kí oòrùn àárọ̀ wọlé, kí ewé ìwọ̀-oòrùn sì dáàbò bo èso lọ́sàn-án.

Ẹ tún wò ó bóyá inú ọgbà ni wọ́n ti ṣe é. Fáírọ́ọ̀sì red blotch máa ń sọ ewé àjàrà dúdú di pupa, kì í sì jẹ́ kí ṣúgà èso tètè gòkè. Kò sí oògùn rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 fi hàn pé kòkòrò kékeré kan, Spissistilus festinus, lè gbé e láti ara igi kan dé ara òmíràn. Inú ilé ọ̀gbìn tí wọ́n bò ni wọ́n ti dán an wò. Nítorí náà, ohun tó dáhùn ni pé ṣé kòkòrò yìí lè ṣe é. Bó ṣe ń ṣe é tó nínú ọgbà gbalasa, ọ̀rọ̀ àwọn tó lọ mú kòkòrò náà nínú ọgbà ni ẹ ó kà.

Ẹ mọ ìwọ̀n tí wọ́n ń lò pẹ̀lú. Brix ni ṣúgà inú omi èso, ìyẹn rọrùn. MPa (megapascal), ìwọ̀n agbára ìfúnpá tí wọ́n fi ń mọ bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ igi tó, ló máa ń dẹ́rù ba ènìyàn nínú ìwé tó bá dá lórí bíbomi rin oko. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́ nìyí: kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n á fi àpò tó ń dán bíi fàdákà bo ewé kan lórí igi fún bíi wákàtí kan. Wọ́n á gé e ní ọrùn, wọ́n á tì í sínú ìkòkò irin tó dé pa, ọrùn ewé nìkan ló máa yọ síta. Wọ́n á máa fẹ́ gáàsì wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan á tẹjú mọ́ ojú ibi tí wọ́n gé. Bí omi bá ti ṣẹ́ yọ níbẹ̀, agbára gáàsì ní ìṣẹ́jú yẹn ni nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú. Bí kò bá tíì tó −0.6, igi ò pòùngbẹ. Bó bá kọjá −1.4, ìyà ńlá ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá lè rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é.

Ọdún tí wọ́n kó nọ́ńbà jọ náà ṣe pàtàkì. Ní Beaune ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìkórè láti 1354. Ìwádìí tó jáde ní 2019 fi hàn pé láti 1988, ìkórè ti ń fi bí ọjọ́ 13 ṣáájú ti ìgbà àtijọ́. Ohun tí wọ́n kọ nípa gbígbó èso ní 1970, ooru ìgbà yẹn ló mú un gbó. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ìwádìí VitAdapt ní Bordeaux: irú àjàrà 52 ni wọ́n gbìn sí ojú kan ní 2009, wọ́n sì ń wò wọ́n lọ́dọọdún.

Bí ẹ bá ti ka ohun tó wù yín láti ṣe, ẹ má ṣe é fún gbogbo oko. Ẹ yan ojú mẹ́rin nínú ọgbà. Ní ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ìlà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ṣe é fún ọ̀kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ so rìbọ́ọ̀nù mọ́ òpó wọn. Ẹ yẹra fún ìlà etí ọ̀nà, nítorí eruku àti oòrùn ibẹ̀ yàtọ̀. Lọ́jọ́ ìkórè, ẹ wọn èso ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ wọn Brix rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọjọ́ tí ooru mú jù lọ. Ẹ tún un ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìlà kan náà, kí ẹ wá fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí olùwádìí tó kọ ìwé náà.