Bí mo ṣe fi ìwé kan tọpa Texans láti oṣù Kíní dé alẹ́ draft

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kíní ọdún 2023, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nílé wa ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston. Texans, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Houston, ń bá Colts gbá bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn sáà náà ní Indianapolis. Colts ti ní 31, àwa ní 24, ó sì ku nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Davis Mills ju bọ́ọ̀lù sókè réré, Jordan Akins sì hán an ní òpin pápá, ìyẹn ayò mẹ́fà, a di 30. Lovie Smith tó jẹ́ kóòṣì wa kò gba ayò kan kí a jẹ́ ọ̀mì, ó ní kí wọ́n wá méjì. Akins náà ló tún hán an. 32 sí 31.

Ọmọ mi fò dìde, ó ń pariwo. Èmi kò lè dìde. Inú mi dùn, ọkàn mi sì tún bàjẹ́, torí mo mọ ohun tí ayò yẹn gbà lọ́wọ́ wa.

Fún ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà: àwọn ẹgbẹ́ kì í náwó ra ọ̀dọ́ láti ẹgbẹ́ mìíràn bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní England. Ní ìparí oṣù Kẹrin lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n á tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á máa ṣa àwọn ọmọ tó ń ti yunifásítì bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ìpele méje yóò fi parí. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní draft. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe burúkú jù ló ń kọ́kọ́ ṣà. Ká ní a pàdánù lọ́jọ́ yẹn ni, àwa là bá wà ní ipò kìíní. Akins hán bọ́ọ̀lù yẹn, Chicago Bears gba ipò kìíní, àwa bọ́ sí ìkejì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tí wọ́n fi lé Lovie Smith lọ. Ọdún kan ló ṣe. David Culley tó ṣáájú rẹ̀ náà, ọdún kan ni. Ìjà mẹ́tàdínlógún, a borí nínú mẹ́ta, a jẹ́ ọ̀mì nínú ọ̀kan, a pàdánù mẹ́tàlá.

Alẹ́ yẹn ni mo mú ìwé kan tí ọmọ mi kò tíì lò nílé-ìwé, mo kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé: "Kí n ṣe iṣẹ́ ọ̀gá Texans kí òun fúnra rẹ̀ tó ṣe é." Ọ̀gá tí mo ń wí ni Nick Caserio, tó ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà láti ọdún 2021. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bú ẹgbẹ́ yìí níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó ti sú mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí èmi ìbá ṣe ká ní ipò rẹ̀ ni mo wà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ka àwọn tó wà nílẹ̀. Mo kọ orúkọ gbogbo ẹni tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì tán, mo sì fi bíírò pupa sàmì sí ẹni tí mi ò ní fẹ́ kó lọ. Laremy Tunsil, ọkùnrin gìrìpá tó ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tó sì ń darí eré. Derek Stingley àti Jalen Pitre lẹ́yìn. Nico Collins tó ń hán bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo dé orí Dare Ogunbowale, mo dá bíírò dúró, mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ kí Yorùbá kọ ọ́: Ògúnbọ̀wálé. Kì í ṣe ìràwọ̀, ẹ̀yìn ẹlòmíì ló sábà máa ń jókòó sí, ṣùgbọ́n ní Houston tí àwa Yorùbá kún bí eṣú yìí, kí orúkọ bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn aṣọ ẹgbẹ́ wa, ó ń ṣe mí lóore lọ́kàn. Mo sàmì pupa sí i. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáàárín òpó fún wa farapa níjà Tampa Bay, kò sì sí ẹni tó lè rọ́pò rẹ̀. Dare tó jẹ́ pé eré sísá ni iṣẹ́ rẹ̀ ló jáde, ó gbá a láti yáàdì 29, ó wọlé. Wọn kò rí irú ẹ̀ láti ọdún 2004. Ṣùgbọ́n mo ti ṣáájú ìtàn.

Ọ̀rọ̀ owó ló tẹ̀lé e, ibẹ̀ ni mo ti pẹ́ jù. Gbogbo ẹgbẹ́ ni iye kan náà wà fún láti fi san owó agbábọ́ọ̀lù, olówó kò lè fi owó na tálákà. Lọ́dún 2023, iye náà jẹ́ mílíọ̀nù 224.8 dọ́là. Alẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ní kùtùkùtù, bí mo bá ti dé, tí ìyàwó mi ti lọ sí ibi iṣẹ́ tirẹ̀, èmi àti ìwé yẹn la máa ń jókòó ní tábìlì ilé ìdáná, pẹ̀lú tíì àti kálíkúlétọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é ni ojú mi ń là. Quarterback tó bá ti dàgbà lè gba mílíọ̀nù 40 tàbí 50 lọ́dún kan ṣoṣo. Ọmọ tí wọ́n bá ṣà ní ipò kejì, nǹkan bí mílíọ̀nù 36 ni fún ọdún mẹ́rin lápapọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá rí quarterback gidi nínú draft, ọdún mẹ́rin ló ní láti fi owó tó kù ra àwọn tí yóò yí i ká. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ ìyẹn.

Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù Kíní ni wọ́n gba DeMeco Ryans ní kóòṣì, àdéhùn ọdún mẹ́fà. Èmi tí mo rí i nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọdún 2006 ni Texans ṣà á, ọdún yẹn náà ló gba àmì-ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ tó mọ ẹ̀yìn dì jù lọ ní gbogbo NFL. Ọmọ ilé ni. Ẹgbẹ́ tó ti lé kóòṣì méjì lọ lọ́dún méjì kò lè tún lé ọmọ ilé bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí wọ́n fún un láyè. Ìyẹn nìkan tó fún mi.

Nígbà tó di oṣù Kẹta tí ọjà àwọn agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn wọn ti tán ṣí, ariwo sọ ní Houston. Àwọn èèyàn ń retí orúkọ ńlá. Caserio mú Robert Woods, Dalton Schultz, Devin Singletary, Jimmie Ward tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ryans ní San Francisco, ó sì gba Shaq Mason láti Tampa Bay. Ó jọ̀wọ́ Brandin Cooks fún Dallas. Níbi tí mo ti ń gẹrun lágbègbè Bissonnet, ẹ̀gbọ́n kan ní, "Àgbààgbà ni wọ́n ń kó jọ yìí, ṣé ìpàdé ìdílé ni wọ́n fẹ́ ṣe ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo iye ọdún tó wà nínú àdéhùn wọn." Ọdún kan fún Schultz, ọdún kan fún Singletary, méjì fún Woods. Ẹni tí kò tíì fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ kì í ra páànù olówó iyebíye. Àwọn tó mọṣẹ́ ló mú, tí yóò kọ́ àwọn ọmọdé, tí àdéhùn wọn kò sì ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ibi tí èmi àti rẹ̀ ti pàdé nìyẹn, ohun tí mo kọ sínú ìwé mi náà ló ṣe.

Ẹyọ kan ló dùn mí. Ogbo Okoronkwo, ọmọ Igbo tó dàgbà ní Alief níbí, tó ti padà wá gbá bọ́ọ̀lù nílé, Cleveland gbà á lọ. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé: "Ta ni yóò máa bá wa wó quarterback ọ̀tá lulẹ̀ báyìí?" Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yẹn dúró sílẹ̀ ná.

Iṣẹ́ tó tóbi jù ni quarterback. Carolina ti kó ẹrù ńlá fún Chicago kí wọ́n lè bọ́ sí ipò kìíní, gbogbo èèyàn sì gbà pé Bryce Young ni wọ́n fẹ́. Ó ku C.J. Stroud, ọmọ yunifásítì Ohio State, fún wa. Ṣùgbọ́n bí oṣù Kẹrin ṣe ń lọ, àwọn oníròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Texans kò fẹ́ ẹ, pé kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò ọpọlọ kan, pé ọmọ yìí kì í sáré kúrò lójú kan nígbà tí ogun bá dé.

Mi ò fẹ́ gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́. Mo jókòó ti ìjà tó bá Georgia jà ní alẹ́ ọjọ́ tí ọdún 2022 parí, mo wò ó látòkèdélẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Georgia ni wọ́n le jù ní gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò wo bọ́ọ̀lù mọ́, ẹsẹ̀ Stroud ni mò ń wò. Mò ń dá fídíò dúró, mò ń dá a padà. Bí òmìrán Georgia kan bá já wọlé láti ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ á kọ́kọ́ yẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, èjìká rẹ̀ kò ní yí padà, ojú rẹ̀ á ṣì wà níwájú. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ààyè bá sì wà, ó sáré. Bọ́ọ̀lù tó jù gba yáàdì 348, mẹ́rin nínú wọn dé òpin pápá, kò sí ẹyọ kan tí ọ̀tá gbà mú. Ayò kan péré ni wọ́n fi na Ohio State, 42 sí 41, bọ́ọ̀lù tó yẹ kó gbà wọ́n sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó bí ọdún tuntun ṣe ń wọlé. Mo ti ìwé náà, mo sọ fún ọmọ mi pé, "Ẹni yìí ni." Ó ní, "Dádì, àwọn oníròyìn ní..." Mo ní kó wá jókòó kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin, mo gba ààyè níbi iṣẹ́. Kansas City ni wọ́n ti ń ṣe draft náà. Wọ́n pe Bryce Young. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe C.J. Stroud fún Houston. Omi bọ́ lójú mi, mi ò fi pamọ́ fún ọmọ mi. A ṣì ń dìmọ́ ara wa nígbà tí wọ́n ní Arizona ti fi ipò kẹta sílẹ̀, Houston ló gbà á. Will Anderson láti Alabama. Ọmọ tó wó quarterback lulẹ̀ ní ìgbà 17 àti ààbọ̀ nínú sáà kan ṣoṣo, ọdún 2021. Ìbéèrè etí ìwé mi ti rí ìdáhùn.

Ariwo tún gba ibi gbogbo pé Caserio ti san ju bó ṣe yẹ lọ. Mo jáwé tuntun. Tábìlì kan wà tí wọ́n ṣe ní Dallas nígbà tí Jimmy Johnson jẹ́ kóòṣì níbẹ̀, tó fún ipò kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ohun tí a gbà: ipò 3 jẹ́ 2,200, ipò 105 jẹ́ 84. Àpapọ̀ 2,284. Ohun tí a fi sílẹ̀: ipò 12 tó wọlé láti ọwọ́ Cleveland nígbà tí a jọ̀wọ́ Deshaun Watson fún wọn, 1,200; ipò 33, 580. Ìyẹn 1,780. Ó ku 504 tí a jẹ wọ́n. Ohun tí a fi dí i ni ipò àkọ́kọ́ wa fún ọdún 2024 àti ti ìpele kẹta. Bí a bá tún ṣe bí a ti ṣe lọ́dún tó kọjá, ipò àkọ́kọ́ yẹn nìkan lè tó 2,600. Mi ò lè mọ iye rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, nítorí náà mo fa ìlà gígùn kan síbẹ̀, mo fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀.

Èmi ìbá ti dúró sí ipò 12 láti mú Jaxon Smith-Njigba tó ń hán bọ́ọ̀lù, òun ni mo kọ. Mi ò kọ Tank Dell rárá, bẹ́ẹ̀ University of Houston ló ti wá, kò jìnnà sílé wa. Mo rò pé ó kéré jù, kò ju nǹkan bí 165 pọ́n-ùn lọ. Stroud fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú un, wọ́n sì mú un ní ipò 69. Yáàdì 709 ló gbà, ó sì gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá nígbà méje, kó tó kán lẹ́sẹ̀ nínú oṣù Kejìlá. Nínú gbogbo ìwé yẹn, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ jù: mo wo ẹsẹ̀ Stroud lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò wo ti ọmọ àdúgbò mi lẹ́ẹ̀kan.

A gba 10 nínú 17 ní sáà náà, a ṣe kìíní nínú ìsọ̀rí ẹgbẹ́ tí a wà, a sì na Cleveland 45 sí 14 ní pápá wa nínú ìdíje àṣekágbá tó tẹ̀lé e. Stroud gba àmì-ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ tó mọ iwájú gbá jù, Anderson gba ti ẹ̀yìn, irú èyí tí kóòṣì rẹ̀ gbà lọ́dún 2006. Baltimore ló dá wa padà, 34 sí 10, ní ọjọ́ ogún oṣù Kíní ọdún 2024.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo mú ìwé náà jáde láti inú dúróò. Ibi tí a dé ti sọ ipò tí a fún Arizona di 27. Mo wo tábìlì, mo sì kọ ọ́ sórí ìlà tó ti ṣófo láti oṣù Kẹrin: 680. Ti ìpele kẹta bọ́ sí 90, ìyẹn 140. Ní ti tábìlì, a san 316 lé e. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ gedegbe, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé bí wọ́n bá ní kí n tún san án lọ́la, màá san án.