Bí mo ṣe ń fi Ògbójú Ọdẹ àti koríko ọba pe oorun ní Àjàṣẹ́

Ẹ kú òru o, ẹ̀yin tí ojú yín ṣì là kedere ní ago méjì òru tí ẹ ń ka igi àjà. Èmi náà ti wà níbẹ̀ rí, ó sì lé lọ́dún kan. Aránṣọ ni mí níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, lápá Wàndó, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí tí ìwọlé iléèwé bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo ìyá ló fẹ́ gba kakí ọmọ ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, mo máa ń ránṣọ di ago méjìlá lábẹ́ iná funfun tó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, kafé lọ́tùn-ún, pọ́tábù (fóònù) lósì, tí mo bá wá dùbúlẹ̀ ẹsẹ̀ mi ṣì ń tẹ máṣíìnì lórí ibùsùn, orí mi ń ka owó tí wọ́n jẹ mí àti èyí tí mo jẹ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò dáa rárá. Mo ra oògùn oorun lẹ́bàá ọ̀nà, hóró méjì nínú bébà, kò ní páálí kò ní orúkọ. Mo sùn lóòótọ́ o, àmọ́ nígbà tí mo jí, orí mi wúwo bí ọlọ, ojú mi ń ṣú, mo gbé sísọ́ọ̀sì, mo sì gé ọrùn sí ibi tó yẹ kó jẹ́ apá lára àǹkárá oníbàárà mi. Yáàdì mẹ́fà. Mo wo aṣọ yẹn nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo sì san owó ẹ̀. Oògùn oorun tí dókítà ò kọ fún yín, ẹ má gbé e mì, mo bẹ̀ yín.

Ohun tó padà gbà mí, ìwé ni. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D.O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé ìtàn tí mo ti kà, Faransé àti Yorùbá, òun náà ni màá ní kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ìwé tó kún fún iwin àti ẹbọra, ṣé ìyẹn lèèyàn ń kà kó tó sùn? Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Tí ara bá dùbúlẹ̀, orí kì í dùbúlẹ̀, ó ń ṣírò ni: owó ilé, owó iléèwé, ọ̀rọ̀ tí àbúrò ọkọ sọ ní Sátidé. Ẹ ò lè bá a jà, bẹ́ ẹ bá ṣe ń sọ fún un pé kó dákẹ́ ló ń pariwo sí i. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fún un ní wàhálà ẹlòmíì gbé, tó sì jẹ́ wàhálà tẹ́ ẹ ti mọ ibi tó parí sí, díẹ̀díẹ̀ ló máa gbé tiyín sílẹ̀. Torí náà ẹ kọ́kọ́ kà á tán lójú mọmọ, kẹ́ ẹ mọ̀ pé Àkàrà-ògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé lórí, padà wálé láàyè, torí ìwé tí ẹ ò mọ òpin ẹ̀, ojú ewé kan sí i, ojú ewé kan sí i ni, ilẹ̀ á sì mọ́ bá yín níbẹ̀.

Ibi tí mo máa ń kà jù lálẹ́ ni ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, àgbà ọlọ́gbọ́n kan, nígbà tí Àkàrà-ògùn àtàwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti dé Òkè Láńgbòdó, ibi tí ọba wọn rán wọn lọ. Ọjọ́ méje ni wọ́n lò lọ́dọ̀ bàbá yẹn, ó ń jókòó tì wọ́n, ó ń pàtàn, ó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, kò sí ìjà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àgbà ló kàn ń lọ bí omi. Ọjọ́ kan fún alẹ́ kan, ọ̀sẹ̀ kan ti pé nìyẹn. Àgbákò, ẹbọra olójú mẹ́rìndínlógún inú ìwé náà, ní tiẹ̀, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ ti ka tiẹ̀.

Ẹ kà á síta, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tẹ́ ẹ ń pàlọ́ fún ọmọ ọwọ́. Gbólóhùn Fágúnwà máa ń gùn, ó ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, ẹ ò lè yára kà á, bẹ́ ẹ ṣe ń wá ibi tẹ́ ẹ ti máa mí nínú ẹ̀, mímí yín fúnra ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà gùn. Mi ò tíì rí ewé tó ṣe ìyẹn fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ kíkà Yorùbá ní kíláàsì àgbà níbí, ìwé náà lè kọ́kọ́ ṣàjèjì lójú yín, torí ibi tí àwa ti ń kọ ɛ àti ɔ, ẹ àti ọ ni wọ́n ń kọ ní Nàìjíríà, kp tiwa ni p wọn, sh tiwa ni ṣ wọn. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ojú á mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ ò bá rí i rà, ẹ bẹ àwọn tó ń lọ ná ọjà ní Nàìjíríà kí wọ́n bá yín mú un bọ̀, gba Ìdí-Ìrókò wọ Ìgòlò. Ìwé gidi o, kì í ṣe ti pọ́tábù, ìmọ́lẹ̀ pọ́tábù lójú ń sọ fún ọpọlọ pé ọ̀sán ṣì ni. Iná kékeré tó pọ́n díẹ̀ ló dáa.

Ewé wá ńkọ́? Koríko ọba ni tèmi, ohun tí ìyá àgbà mi ní Kétu máa ń sè fún wa nìyẹn, ọmọ iléèwé ń pè é ní citronnelle. Mi ò ní parọ́ fún yín: ní 1986 àwọn olùṣèwádìí ní Brazil fún àwọn èèyàn ní omi ẹ̀ mu, wọn ò sì rí i pé ó ń kun èèyàn lóorun. Mo gbà. Síbẹ̀ mi ò jáwọ́, torí ó ti gba ipò kafé lọ́wọ́ mi, àti pé bí òórùn ẹ̀ bá ti gba yàrá báyìí, ara mi mọ̀ pé iṣẹ́ ti tán. Ẹ mú ewé tútù bíi mẹ́fà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ká a kẹ́ ẹ so ó ní kókó. Kí kọ́ọ̀bù omi méjì hó, ẹ jù ú sí i, ẹ pa iná, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 10. Oyin ṣíbí kékeré kan, àmọ́ ẹ má fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan ní oyin o. Kọ́ọ̀bù kan ti tó, wákàtí kan kẹ́ ẹ tó sùn, kí ìtọ̀ má baà jí yín.

Wọ́n ń mu ewé kọ̀rọ̀sọ́lù (soursop lédè Gẹ̀ẹ́sì) náà fún oorun, èmi gan-an mu ún rí, ó sì kùn mí lóorun. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di tojoojúmọ́. Ní Guadeloupe, àwọn dókítà kíyè sí i pé àìsàn kan tó jọ Parkinson, àrùn ọpọlọ tó ń mú ara gbọ̀n, pọ̀ lára àwọn tó ti ń jẹ èso ẹ̀ tí wọ́n sì ń mu ewé ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní annonacin tó lè ba ọpọlọ jẹ́. Aboyún àti ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó mu ewé kankan.

Kafé, ẹ má mu ún mọ́ lẹ́yìn ago méjì ọ̀sán, torí lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì kaféìnì, ohun inú ẹ̀ tó ń lé oorun lọ, ṣì wà lára. Obì náà ní in, gbànja náà ní in, ẹ̀yin bàbá tó ń jẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́, ẹ gbọ́ o. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan sí méjì kẹ́ ẹ tó sùn, kódà nígbà ooru oṣù kẹta, ara máa ń tutù lẹ́yìn ẹ̀, oorun sì fẹ́ ara tútù. Tó bá tó ìṣẹ́jú 20 tí ẹ ò sùn, ẹ dìde, ẹ jókòó sórí àga, ẹ kàwé, kẹ́ ẹ padà síbùsùn tójú bá wúwo. Kẹ́ ẹ sì máa jí lákòókò kan náà lójoojúmọ́. Ìpè àsùbáà ni tèmi, bóyá mo sùn bóyá mi ò sùn, ìyẹn ló le jù fún mi nínú gbogbo ẹ̀.

Tí àìróorunsùn bá ti di alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tàbí tẹ́nì kan bá ní ẹ̀ ń hanrun tí èémí yín sì ń dá dúró lójú oorun, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn, kì í ṣe ti ewé mọ́.

Ní báyìí, ọmọbìnrin mi kékeré ti ń wá fẹ̀yìn tì mí tí mo bá ṣí ìwé. Òun ló máa ń kọ́kọ́ sùn, lówùúrọ̀ ó á bi mí pé ibo la dé, èmi náà ò ní rántí, àfi ká jọ ṣí ìwé ká wá àjákù kakí tí mo fi sàmì sí i.