Bí A Ṣe Ń Dán GDB Wò Lórí Signal Handler, Lálọ àti Lábọ̀

Signal, ìyẹn ìkéde tí kernel ń fi jíṣẹ́ fún ètò tó ń ṣiṣẹ́, kì í béèrè àyè kó tó wọlé. Ètò lè wà láàárín ìlà kan kí kernel dá a dúró níbẹ̀, kó to àwọn register rẹ̀ sórí stack, kó sì darí rẹ̀ sínú handler, ìyẹn function tí ètò yà sọ́tọ̀ fún signal náà. Bí handler bá parí, ètò gbọ́dọ̀ padà sórí àṣẹ tó fẹ́ ṣe gan-an kí signal tó dé. Kò gbọdọ̀ fo ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ṣe ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bóyá debugger, irinṣẹ́ tí a fi ń dá ètò dúró láti wo inú rẹ̀, lè tẹ̀ lé e lọ, kó sì tẹ̀ lé e bọ̀, láìṣìnà. GDB lórí Linux àti ẹ̀rọ x86-64 ni àlàyé yìí dá lé.

Òfin kan ṣáájú gbogbo òfin: kí ẹ tó tẹ Enter, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ àdírẹ́sì tí `$pc`, register tó ń tọ́ka sí àṣẹ tó kàn, máa bọ́ sí. Ẹni tó kàn ń wo ìlà tí GDB gbé jáde, tó sì ní ó jọ pé ó ṣiṣẹ́, kò tíì dán nǹkan kan wò. Àṣẹ ẹ̀rọ púpọ̀ ló wà nínú ìlà kan, àṣìṣe àṣẹ kan ṣoṣo sì lè sá pamọ́ sáàárín wọn.

Ètò tí a ó lò

Ẹ kọ èyí sínú fáìlì `ayewo.c`:

```
#include <signal.h>
#include <string.h>
#include <unistd.h>

static volatile sig_atomic_t dele;
static volatile int ka;

static void
olugba (int sig)
{
  dele = 1;
}

int
main (void)
{
  struct sigaction sa;
  memset (&sa, 0, sizeof sa);
  sa.sa_handler = olugba;
  sigaction (SIGUSR1, &sa, NULL);
  alarm (300);
  while (1)
    {
      ka++;
      dele = 0;
    }
}
```

Lẹ́yìn náà, `gcc -g -O0 -o ayewo ayewo.c`. Ẹ má lo `-O2` fún ti àkọ́kọ́, torí á da àwọn ìlà pọ̀ mọ́ra wọn, ẹ ò sì ní mọ ẹni tó jẹ̀bi láàárín compiler àti debugger.

Ẹ má fi `printf` sínú handler. Bí signal bá já lu ètò nígbà tí `printf` mìíràn ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ètò lè dàrú tàbí kó dúró gbagidi, ẹ ó wá rò pé GDB ló há. `dele` tó di 1 ti tó ẹ̀rí pé handler ṣiṣẹ́. Ti `alarm (300)`, òun ni kò ní jẹ́ kí ètò tí ẹ fi `detach` tú sílẹ̀ máa jẹ CPU títí láé. Aago rẹ̀ ń lọ bí ẹ tilẹ̀ dúró ní prompt o. Bí ẹ bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ẹ ó rí `Program terminated with signal SIGALRM`. Ẹ kàn fi `run` bẹ̀rẹ̀ padà ni.

Bí signal ṣe máa dé

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á gbé aago `setitimer` pẹ̀lú `ITIMER_REAL` síbẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó máa dún léraléra, wọ́n á sì máa tẹ `step` láti lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Aago yẹn ń kà nígbà tí ẹ ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, signal ti ń dúró dè yín. Bí àlàfo rẹ̀ bá kéré, signal mìíràn á ti dé kí ètò tó ṣe àṣẹ kan ṣoṣo, `main` ò sì ní kúrò lójú kan. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo aago dandan, `ITIMER_VIRTUAL` ni kí ẹ lò, torí àkókò tí ètò fúnra rẹ̀ lò lórí CPU nìkan ló ń kà. SIGVTALRM ni tiẹ̀ máa ń mú wá. Kí `it_interval` rẹ̀ jẹ́ 0, kó dún lẹ́ẹ̀kan péré.

Ọ̀nà méjì ló dára jù ú lọ. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi signal ránṣẹ́ láti ìta nígbà tí ètò dúró: ẹ wo PID (nọ́ńbà ètò náà) pẹ̀lú `info inferiors`, kí ẹ sì tẹ `shell kill -USR1` pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn. Signal náà á wà ní ìdúró títí ètò á fi tún gbéra. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbéra, ẹyọ kan ló máa dé, torí signal lásán kì í tò sórí ara wọn. SIGRTMIN sókè nìkan ló ń tò. Ọ̀nà kejì ni `queue-signal SIGUSR1`, èyí tí kò kúrò nínú GDB rárá. Òun ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹ mọ àṣẹ tó máa já lé lórí.

SIGINT àti SIGTRAP kì í ṣe signal àyẹ̀wò. GDB fúnra rẹ̀ ń lò wọ́n, kì í sì í fi wọ́n jíṣẹ́ fún ètò bí ẹ ò bá sọ fún un.

Àyẹ̀wò kìíní: kí ìgbésẹ̀ rékọjá handler

```
(gdb) tbreak 24
(gdb) run
(gdb) display/i $pc
(gdb) handle SIGUSR1 nostop noprint pass
```

`tbreak` ń dá ètò dúró lẹ́ẹ̀kan péré sórí ìlà 24, ìyẹn `ka++`. `nostop noprint pass` ní kí GDB fi signal jíṣẹ́ fún ètò láìdúró, láìkéde. Ẹ fi `kill` ránṣẹ́ láti ìta, kí ẹ tẹ `next` láti ṣe ìlà kan tán. GDB gbọ́dọ̀ jẹ́ kí handler ṣiṣẹ́ parí, kó sì dúró sórí ìlà `dele = 0`. Níbẹ̀, `p dele` gbọ́dọ̀ fi 1 hàn, torí ìlà náà kò tíì ṣiṣẹ́. Bí ó bá fi 0 hàn, signal kò dé ọwọ́ ètò. Ẹ wo `info signals SIGUSR1` bóyá `pass` ti yí padà. Bí GDB bá sì dúró sínú `olugba` láìsí breakpoint (àmì ìdúró tí ẹ fi síbẹ̀) níbẹ̀, a jẹ́ pé ó kùnà.

Àyẹ̀wò kejì: kí ìgbésẹ̀ wọ inú handler

Ẹ yí i sí `handle SIGUSR1 stop print pass`, ẹ fi `kill` ránṣẹ́, kí ẹ tẹ `continue`. Bí GDB bá ti kéde signal náà tó sì dúró, `step` kan gbọ́dọ̀ gbé yín wọ `olugba`. Ó sábà máa ń dúró sórí `{`. Bí `sig` bá ní iye rádaràda níbẹ̀, ẹ má bẹ̀rù: handler kò tíì kó o sórí stack ni. Ẹ tún tẹ `step` lẹ́ẹ̀kan, á di 10.

Àbọ̀: ibi tí wàhálà wà

Ẹ tún `run` látìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí `tbreak 24` dá a dúró, kí ẹ wá ṣe báyìí:

```
(gdb) stepi
(gdb) set $ibi = $pc
(gdb) set $iye = $eax
(gdb) queue-signal SIGUSR1
(gdb) stepi
```

`stepi` ń ṣe àṣẹ ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ti àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe àṣejù. Àṣẹ mẹ́ta ni `ka++` ní: `mov` tó gbé e wá sínú register `eax`, `add` tó fi 1 kún un, àti `mov` tó dá a padà. A fẹ́ kí signal dé nígbà tí `add` kò tíì ṣiṣẹ́, kí iye kan wà nínú `eax` tí a lè bi léèrè tí a bá padà dé.

Lẹ́yìn `stepi` kejì, `$pc` gbọ́dọ̀ wà lórí àṣẹ àkọ́kọ́ nínú handler, kó hàn bí `<olugba>` láìsí nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí `<olugba+4>` nígbà tí handler bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `endbr64`, tàbí `<olugba+1>` níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `push %rbp`, àṣẹ kan ti ṣiṣẹ́ kọjá ibi tó yẹ.

Ẹ wo `bt`, àtòkọ àwọn function tó pe ara wọn. `main` gbọ́dọ̀ wà ní #2, kí `<signal handler called>` wà láàárín. Ẹ tẹ `frame 2`, kí ẹ tẹ `p $eflags`. TF kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀. TF ni àsíá tí kernel fi ń mú kí CPU dúró lẹ́yìn àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá bá àwọn register wọ inú ohun tí a tò sórí stack, á jí dìde nígbà tí handler bá padà, SIGTRAP tí ẹnikẹ́ni ò rán á sì yọ lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ `continue`.

Ẹ padà sí `frame 0`, kí ẹ tẹ `finish` láti jẹ́ kí handler parí. GDB gbọ́dọ̀ dúró sórí `<signal handler called>`. Àṣẹ méjì ló kù níbẹ̀: `mov $0xf,%rax`, lẹ́yìn náà `syscall`, torí 15 ni nọ́ńbà rt_sigreturn, ìpè sí kernel (syscall) tó ń dá ètò padà láti inú handler, lórí x86-64. Àwọn báìtì àṣẹ méjèèjì yìí ni GDB lè fi dá ibẹ̀ mọ̀.

Ẹ tẹ `stepi` ẹ̀ẹ̀mejì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ `stepi 2` o, torí bí ọ̀kan bá sáré kọjá, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́. `syscall` yìí kì í padà sí àṣẹ tó tẹ̀ lé e bíi syscall yòókù. Kernel á kó gbogbo register láti orí stack, ètò á sì yọ sí ibòmíràn pátápátá. Debugger tó bá gbé breakpoint sẹ́yìn `syscall` láti dúró níbẹ̀ á dúró títí. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀rọ tí ptrace wọn (syscall tí debugger fi ń darí ètò) kò ní `stepi` láti inú hardware, bíi ARM 32-bit lórí Linux, fi nílò kóòdù tiwọn nínú GDB láti fi ṣírò ibi tí sigreturn ń lọ.

Ìdájọ́ nìyí:

```
(gdb) p $pc == $ibi
(gdb) p $eax == $iye
```

1 ni méjèèjì gbọ́dọ̀ fi hàn. Bí `p (long)$pc - (long)$ibi` bá fún yín ní 3, `add` ti ṣiṣẹ́ kí GDB tó dúró, `$eax` náà á sì ti fi 1 pọ̀ sí i. Bí ètò bá sá lọ tí prompt ò padà, ẹ tẹ Ctrl-C, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn `set debug infrun 1`, kí ẹ rí ìpinnu tí GDB ṣe lẹ́yìn ìdúró kọ̀ọ̀kan.

Breakpoint lórí àṣẹ kan náà

Láti kúrò lórí breakpoint, GDB lè yọ ọ́, kó ṣe àṣẹ kan, kó sì dá a padà. Bí signal bá wọlé láàárín yíyọ àti dídá padà, handler lè sáré kọjá breakpoint tiẹ̀ láìdúró. Ẹ tẹ `break *$ibi` àti `break olugba`, lẹ́yìn náà `queue-signal SIGUSR1` àti `continue`. Ó gbọ́dọ̀ dúró ní `olugba`. `continue` tó tẹ̀ lé e á kéde ti `$ibi`, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí `add` kò tíì ṣiṣẹ́.

Ẹ wá pa ti `olugba` rẹ́, ẹ tún `queue-signal` tẹ̀, kí ẹ lo `stepi` tí SIGUSR1 wà ní `nostop`. Bí handler bá padà sórí `$ibi`, GDB kò gbọdọ̀ kéde breakpoint yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ nígbà tí `set displaced-stepping`, tó ń jẹ́ kí GDB ṣe àṣẹ náà níbòmíràn láìyọ breakpoint, wà ní `on`, kí ẹ tún un ṣe ní `off`.

Bí ẹ bá fẹ́ fi `sigaltstack`, tó ń fún handler ní stack tirẹ̀, kún un, ẹ fún stack kejì ní 65536 báìtì gbalaja. Láti glibc 2.34, `SIGSTKSZ` lè má jẹ́ iye tó dúró lójú kan mọ́ bí ẹ bá lo `_GNU_SOURCE`, compiler sì lè má gba array tí ẹ fi í wọ̀n.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró, ẹ kó àwọn àṣẹ náà sínú fáìlì, kí ẹ máa fi `gdb -batch -x ayewo.gdb ./ayewo` sáré wọn. Àwọn tó kọ́ GDB láti orísun lè fi DejaGnu, irinṣẹ́ àyẹ̀wò, sáré àyẹ̀wò tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú `make check TESTS="gdb.base/sigstep.exp"` láti inú fódà `gdb`. Àkópọ̀ èsì wà ní `testsuite/gdb.sum`, ṣùgbọ́n `gdb.log` ni kí ẹ ṣí bí ẹ bá rí FAIL, torí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí GDB sọ kí ó tó kùnà wà.